Jìtá Onígi àti Jìtá Onífọ́nrán Èédú: Èwo ni Kí Arìnrìn-àjò Mú Dání?

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, a sì rò ó títí kí a tó mú kálàmù láti fèsì sí i. Bàbá náà ní jìtá onígi kan tí wọ́n rà ní ọdún 1978, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́, òun ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orin. Nísinsìnyí, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, ẹni tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bàbá fẹ́ kí ó gbé jìtá náà lọ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ọmọ sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ yín. Èmi yóò ra kékeré kan tí a fi carbon fiber ṣe, èyí tí kò bẹ̀rù òjò, tí kò sì bẹ̀rù òtútù." Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá. Wọ́n bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí ohun tí a fi èédú ṣe wá gba ipò igi nínú ilé Ọlọ́run, àti bí ọmọ náà kò bá ń fi owó ṣòfò.

A bẹ bàbá kí wọ́n má bínú. Ọmọ wọn kì í ṣe aláìgbọràn, bẹ́ẹ̀ ni kò kẹ́gàn ohun ìní bàbá rẹ̀. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí jìtá náà gan-an ni kò ṣe fẹ́ gbé e kúrò nílé. Ṣùgbọ́n kí àwa náà má purọ́: bí bàbá ti rò ni àwa pàápàá ti rò rí, títí di ọjọ́ tí ojú wa rí ohun tí ó rí ní Ṣakí.

Oṣù January ni, ọyẹ́ sì mú gidigidi. A yá jìtá onígi kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan, a sì gbé e láti Èkó lọ sí ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ, ohùn rẹ̀ dùn mọ́ni létí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, a gbé e ti ògiri yàrá tí a sùn sí. Ní òru, a gbọ́ ohun kan tí ó dún "pá!" bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná. A rò pé eku ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú jìtá náà ti là láti ihò àárín rẹ̀ dé ìdí, etí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn rẹ̀ sì ti yọ síta tí wọ́n ń ha ọwọ́. Àtẹ́wọ́ ni a fi gbe orin àárọ̀ ọjọ́ náà. Owó tí a fi tún un ṣe kò tó ìtìjú tí ó bá wa nígbà tí a ń dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti mọ̀. Bí a tilẹ̀ ti gé igi, tí a ti là á, tí a sì ti kùn ún ní ọ̀dà dídán, síbẹ̀ kò dẹ́kun àti máa mu omi inú afẹ́fẹ́, kí ó sì tún máa tu ú jáde. Nígbà òjò yóò wú, nígbà ọyẹ́ yóò súnkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì ní oṣù July, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ́ kí eruku wọlé ní oṣù January, mọ ohun tí a ń wí. Àwọn onílù wa mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, nítorí pé bí òjò bá pa dùndún, awọ rẹ̀ a dẹ̀, wọn a sì yá a ní oòrùn tàbí lẹ́bàá iná kí ó tó lè fọhùn. Ṣùgbọ́n ọṣán wà lára dùndún tí a lè fà le. Ojú jìtá kò ní irú rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́ni tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, ni okùn irin mẹ́fà ń fà tọ̀sán tòru pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwọ̀n kílò 70, bí ẹni pé àgbàlagbà ọkùnrin kan so rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí ń ṣe jìtá onígi ń gbani nímọ̀ràn pé kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibi tí a gbé e sí wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100. Ní àkókò ọyẹ́, ní ìhà àríwá, ó lè lọ sí ìsàlẹ̀ ìdá 20. Kí bàbá má sì rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀, yóò sàn fún un. Ní ìgbà òtútù, ẹ̀rọ amúlémóoru tí ó wà nínú gbogbo yàrá ń gbẹ afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́ wa gẹ́lẹ́, jìtá tí a bá sì gbé ti ẹ̀rọ náà kò ní pẹ́ là.

Èédú wo wá ni a ń wí? Kì í ṣe èédú tí àwọn ìyá wa fi ń dáná, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn tí ń sun èédú ní Òkè-Ògùn yóò mọ̀ pé wọn kì í fi igi sílẹ̀ kí iná jó o gbangba. Wọn a to igi jọ, wọn a fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo tí ó wà nínú igi yóò bá èéfín lọ, èédú nìkan ni yóò kù. Bákan náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe sí òwú. Wọn a mú òwú kan tí a fi ẹ̀rọ ṣe, èyí tí à ń pè ní polyacrylonitrile, wọn a kọ́kọ́ yan án nínú ooru bí ìwọ̀n 200 sí 300 ti Celsius, lẹ́yìn náà wọn a sun ún nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, nínú ooru tí ó ju 1,000 lọ. Ohun tí ó kù ni fọ́nrán dúdú tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí ènìyàn kan fi nípọn tó bíi mẹ́wàá rẹ̀. Wọn a hun ún bí aṣọ, wọn a rẹ ẹ́ nínú oje líle kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ epoxy, wọn a tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó ní àwòrán jìtá, ipele lórí ipele, wọn a sì yan án títí yóò fi gan bí irin. Ó fúyẹ́ ju irin lọ fíìfíì, kì í mu omi, kò sì mọ ọyẹ́ yàtọ̀ sí òjò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Edison ti fi òwú tí a sun di èédú ṣe iná mànàmáná rẹ̀ ní ọdún 1879. Ní ọdún 1958, Roger Bacon, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ṣe irú èyí tí ó le ju irin lọ. Àwọn ará Japan àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Farnborough sì tún un ṣe síwájú ní nǹkan bí ọdún 1960 sókè. Láti ara ọkọ̀ òfúrufú ni ó ti bọ́ sí ara ohun èlò orin. Ó lè ya bàbá lẹ́nu láti gbọ́ pé nǹkan bí ìlàjì ìwúwo ọkọ̀ òfúrufú ńlá tí à ń pè ní Boeing 787 ni ó jẹ́ irú ohun tí a fi fọ́nrán àti oje ṣe báyìí. Bí ọmọ wọn bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, inú èédú ni yóò jókòó sí lórí òkun.

Ọwọ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ni ó sì kọ́kọ́ dé ara jìtá. Charles Kaman, ẹni tí ń ṣe hẹlikópítà ní ìpínlẹ̀ Connecticut, mú jìtá Ovation jáde ní ọdún 1966, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá, a kò sì fi igi ṣe é. Ní ọdún 1976 wọ́n ṣe èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ti fọ́nrán èédú, tí wọ́n pè ní Adamas. Lẹ́yìn èyí, John Decker, onímọ̀ físíìsì kan ní erékùsù Maui ní Hawaii, ṣe jìtá tí kò ní igi rárá lójú, lẹ́yìn àti lọ́rùn. RainSong ni ó pè é, èyí tí í ṣe orin òjò. Ellis Seal, ẹ̀ńjínníà ní ìpínlẹ̀ Louisiana, dá Composite Acoustics sílẹ̀. Kékeré inú àwọn tí wọ́n ṣe, tí wọ́n ń pè ní Cargo, ni ó sọ jìtá èédú di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá kiri. Ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2010, Peavey ti ìlú Meridian ní Mississippi sì rà á ní ọdún kan náà. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù: kí ó tó sanwó, kí ó mọ̀ bóyá ẹni tí ó ṣe é ṣì wà tí yóò dáhùn fún un. Ní Donegal ní ilẹ̀ Ireland, àwọn Emerald ń ṣe tiwọn. Ní ìlú Sparta ní Wisconsin, àwọn McPherson ń ṣe tiwọn. Ní Utah, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan dá KLOS sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015. Láti ilẹ̀ Ṣáínà sì ni Enya àti Lava ti ń wá.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ọmọ náà fi ara balẹ̀, nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ohun méjì tí kò dọ́gba. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ èédú, ipele lórí ipele, bí a ti ṣàlàyé. Èkejì ni èyí tí a lọ fọ́nrán èédú gígékúrú mọ́ ike, tí a yọ́ ọ, tí a sì fi ẹ̀rọ tì í wọ inú àwòrán, bí a ti ń ṣe abọ́ ike. Ti ìkejì yìí kì í ṣe èrú, kò sì burú; òjò kò ń ṣe é ní nǹkan, ọyẹ́ kò sì lè là á. Ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í jinlẹ̀ tó o. Iye owó wọn fi ìyàtọ̀ náà hàn: ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni a fi ń ra èyí tí ẹ̀rọ dà, èyí tí a fi ọwọ́ tẹ́ a sì máa ju 1,000 dọ́là lọ, òmíràn a ju 2,000 lọ pàápàá. Èrú ni ti ẹ̀kẹta, ìyẹn igi pátákó tí a lẹ bébà dúdú onílà mọ́ lára kí ó lè jọ aṣọ èédú. Ẹni tí ó bá wo inú ihò rẹ̀ yóò rí igi níbẹ̀. Kí ọmọ náà bi ẹni tí ń tà á léèrè tààrà pé, kí ni ojú rẹ̀, kí ni ẹ̀yìn rẹ̀, kí sì ni ọrùn rẹ̀. Nítorí ọ̀pọ̀ ni ojú wọn jẹ́ èédú tí ọrùn wọn sì jẹ́ igi.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Jìtá tí ó pé, okùn rẹ̀ a gùn tó ínǹṣì 25 àbọ̀ láti orí ọrùn dé ibi tí a so ó mọ́. Ti arìnrìn-àjò a máa kúrú. Ó wọ́pọ̀ kí ó jẹ́ 22 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bí ti Cargo. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ínǹṣì mẹ́ta kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òfin okùn ni pé bí a bá dín gígùn rẹ̀ kù, tí a sì fẹ́ kí ohùn rẹ̀ wà bákan náà, agbára tí ó ń fà a dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀ràn yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo yóò rí i pé okùn ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, ohùn a sì máa ṣì. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a fi okùn tí ó nípọn díẹ̀ sí i. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú, àǹfààní ni, nítorí àwọn irin sún mọ́ ara wọn. Ọmọ bàbá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ, kọ́ lórí jìtá ńlá láti kékeré. A gbà á nímọ̀ràn kí ó wá èyí tí ó tó ínǹṣì 24, bí X7 ti àwọn Emerald, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìka rẹ̀ má baà ṣe àlejò.

Nísinsìnyí, ìrìn-àjò fúnra rẹ̀. Jìtá ti jẹ́ ohun arìnrìn-àjò láti ìgbà tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Kurú, ará etí òkun Liberia tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó, wà lára àwọn tí ó gbé e kiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. (Ohun tí àwọn kan padà fi í ṣe nínú ilé ọtí kì í ṣe ẹjọ́ tiwa lónìí.) Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ ojú omi láàyè, ti òfúrufú kò láàyè. Bí a bá kó jìtá onígi sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrù, orí rẹ̀ ni ó sábà máa ń kán. Nítorí pé orí náà tẹ̀ sẹ́yìn, tí àwọn èèkàn irin sì wúwo lórí rẹ̀, bí àpótí rẹ̀ bá ṣubú sẹ́yìn, orí a fẹ́ máa lọ nígbà tí ọrùn ti dúró, igi a sì kán níbi tí ó ti tín-ín-rín jùlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àpótí kò ní àpá. Àwa náà ti gba irú jìtá bẹ́ẹ̀ rí ní pápákọ̀ òfúrufú, a sì fi oṣù mẹ́jọ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tí ó gbé wa, wọn kò fún wa ní kọ́bọ̀. Dave Carroll, olórin ará Kánádà, jẹ irú ìyà yìí ní oṣù March ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ba jìtá Taylor rẹ̀ jẹ́ nínú ìrìn-àjò kan tí ó gba Chicago kọjá. Nígbà tí wọ́n kọ̀ láti san owó fún un, ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin ní ọdún 2009, àìmọye ènìyàn káàkiri ayé sì gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012, tí ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2015, pàṣẹ pé kí a jẹ́ kí èrò gbé ohun èlò orin kékeré wọ inú ọkọ̀ bí àyè bá wà nígbà tí ó ń wọlé. Níbòmíràn, ọwọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ kí ènìyàn kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, kí ó sì tẹ èsì náà mú lọ́wọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ṣe jìtá tí ọrùn rẹ̀ ṣe é yọ. Èyí tí à ń pè ní Overhead, láti ọ̀dọ̀ Journey Instruments, a máa pín sí méjì, a sì wọ inú àpò ẹ̀yìn tí kò ju ínǹṣì 22 sí 14 sí 9 lọ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ẹrù ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà gbà. Ti KLOS náà ní ọrùn tí a fi ìdè dè, tí a lè tú. Ohun tí a kò fẹ́ràn nínú wọn ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ tú okùn kí ó tó yọ ọrùn, kí ó sì tún ohùn wọn ṣe nígbà tí ó bá dé. Ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó sì ń lọ tààrà sí orí pẹpẹ yóò mọ ìnira náà lára.

Ọ̀ràn mìíràn wà tí bàbá kò mẹ́nu kàn, òun sì ni ó wúwo jùlọ lójú wa. Ní ọdún 1978, àwọn kan ṣì ń fi igi rosewood ti ilẹ̀ Brazil ṣe ẹ̀yìn jìtá tí ó níye lórí. Láti ọdún 1992 ni àdéhùn gbogbo ayé tí à ń pè ní CITES ti ka igi náà sí èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbé kọjá ẹnu bodè láìní ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ ti di ohun èlò. Ní ọdún 2017 wọ́n fi òfin mú gbogbo irú rosewood tí ó kù pẹ̀lú. Ní ọdún 2019 wọ́n tú ohun èlò orin tí a ti ṣe parí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti Brazil kò sí nínú ìtúsílẹ̀ náà. Bí jìtá bàbá bá jẹ́ irú èyí, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ àjèjì, ẹ̀bẹ̀ kò sì ní gbà á padà. Fọ́nrán èédú kò ní irú ẹjọ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti di alágbàtà fún àwọn tí ń tà á. Okùn irin lára jìtá èédú a máa dípẹtà bí ti èyíkéyìí. Èèkàn rẹ̀ irin ni. Ẹ̀rọ agbóhùn tí a fi sínú rẹ̀ ń fẹ́ bátìrì. Bí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lára, ohùn rẹ̀ a yí, nítorí okùn ń gùn nínú ooru. Kí a má sì gbé e sínú búùtù mọ́tò ní ọ̀sán gangan, nítorí pé àtè tí a fi lẹ ibi tí okùn so mọ́ lè rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní irin tí a fi ń tún ọrùn ṣe, nítorí ọrùn èédú kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é wá ní wíwọ́, kò sí ohun tí a lè fi tọ́ ọ. Èyí tí ó ká wa lára jù ni pé, bí jìtá onígi bá là, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọṣẹ́ ní Ìbàdàn yóò fi àtè àti pákó tún un ṣe. Bí ti èédú bá fọ́ nítorí pé ó já bọ́ lórí òkúta, ẹni tí yóò tún un ṣe ṣọ̀wọ́n.

Ohùn wá ńkọ́? Ohùn èédú mọ́ kedere, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Nítorí pé ojú rẹ̀ le, àwọn kan bíi RainSong kò tilẹ̀ fi ọ̀pá kankan há a lábẹ́ bí a ti ń ṣe sí ti igi. Ṣùgbọ́n bí ó ti dún ní ọjọ́ tí a rà á ni yóò máa dún ní ogún ọdún sí i, nígbà tí ti igi a máa dàgbà pẹ̀lú ẹni tí ń lù ú. Jìtá bàbá ti gbọ́ orin ilé náà fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Kò sí èyí tí a lè rà tí yóò dún bí i.

Nígbà tí a ti kọ èyí tán, bàbá àti ọmọ jọ wá sí ilé iṣẹ́ wa. Ajíhìnrere kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ wa gbé tirẹ̀ wá, èyí tí a fi ọwọ́ tẹ́, tí ọrùn rẹ̀ ń yọ. A sì yá òmíràn tí ẹ̀rọ dà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọdé kan ní àdúgbò. A bẹ bàbá kí wọ́n yí ojú sí ògiri, ọmọ sì lu orin kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ó tó dé àárín ti ìkẹta ni bàbá ti ní, "Tèmi nìyẹn." Wọn kò ṣì í. Nípa àwọn méjì tí ó kù, wọ́n ní ọ̀kan ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, èkejì sì ń dún bí ẹni tí ó jẹun yó. Ti ajíhìnrere ni ó jẹun yó.

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní ọ̀fìnkìn ni ó mú. Ó ní owó tí yóò san fún yàrá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ níwájú, oṣù kan sì ni wọ́n máa ń gbà ṣáájú kí wọ́n tó fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní àwọn yóò fi kún un kí ó lè ra èyí tí ó dára; ọmọ kọ̀, ó ní, "Ẹ fi owó yín ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bàbá mi. Bí mo bá ṣiṣẹ́ ọdún kan, èmi yóò ra èkejì fúnra mi, èyí yóò sì di ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwa náà rò pé ọmọ náà gbọ́n jù wá lọ, nítorí tí àwa ìbá ti gbà á nímọ̀ràn kí ó ná owó náà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá bi wá léèrè ohun tí àwọn lè ṣe kí ọyẹ́ ọdún yìí má baà la tiwọn kí ọmọ tó wá fún ìsinmi. A sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé e kọ́ ara ògiri mọ́, kí ó máa wà nínú àpótí rẹ̀ ní títì. Kí wọ́n rẹ tìmùtìmù kékeré kan sínú omi, kí wọ́n fún un títí kò fi ní máa kán mọ́, kí wọ́n fi í sínú ike ọṣẹ tí a lu ihò sí lára, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn jìtá náà, kí wọ́n sì tún un rẹ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Ọmọ ni ó kọ ọ́, ní ẹ̀yìn ìwé tí bàbá kọ sí wa.